Àìsàn Tí Mi Ò Mọ̀ Pé Ó Ń Ṣe Mí

Ìyá Aláròyé, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú gbogbo aṣọ àwọn àlejò tí ẹ ń fọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, tí àwọn tó ni ín kì í dúró kí wọ́n dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ gbé ọ mì. Omi gbígbóná kò ní bó ọ lára, áyọ́ọ̀nù kò ní jó ọ lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ ni ọ̀gá rẹ á máa rí, kò ní máa rí àṣìṣe rẹ. Àmín. Tí o bá béèrè wa, àlàáfíà ni a wà, àbí kí n sọ pé mo rò pé àlàáfíà ni a wà, torí ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n gbé bírò.

Mo gba ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti bá ọ rò kí n tó dáhùn. Bí o ti kí mi kú àárọ̀ ni mo dá ọ lóhùn, mo bi ọ́ bóyá o jí dáadáa, o ò fèsì, ńṣe lo ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Mo ní kí o dúró díẹ̀ kí n wá jígí mi, o ò dúró. Aláròyé bá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, o tún kí mi kú àárọ̀ bíi pé a ò tíì kíra lọ́jọ́ yẹn, mo tún dáhùn, o tún kọjá lórí ọ̀rọ̀ mi. Mi ò tọ́ ọ báyẹn, o kì í ṣe ẹni tí í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, iṣẹ́ ìlú ńlá ni mo dá a lẹ́bi, mo sì ti dárí jì ọ́.

Ohun tí mo rí mú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Sísítà tó ń kọ́ kíláàsì Aláròyé pè ọ́ pé ara mi ò yá, pé ọkàn rẹ ò balẹ̀ láti ìgbà náà, pé iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí o lè wálé àfi bó bá di oṣù tó ń bọ̀, àti pé kí n sọ iye tí oògùn jẹ́ kí o fi ránṣẹ́. O ní kí n sọ ohun tó ń ṣe mí gan-an. Ọmọ mi, ìbéèrè yẹn le ju bí o ṣe rò lọ. Jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀.

O mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà. Bàbá Aláròyé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló ń ṣe é, o sì ní ilé-ìwé ìjọ bàbá rẹ̀ ni kí ọmọ náà lọ, mo gbà. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ kì í tètè yé mi. Ọjọ́ kan ló dé tó ní Sísítà ní kí wọ́n mú òwú àti ẹ̀wà wá. Òwú tí mo fi ń ti èjìká kóòtù ló bù lọ. Mo rò pé ìrọ̀rí ni wọ́n fẹ́ rán, mo sì rò pé ẹ̀wà ni ti oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbà tí mo débẹ̀, gíláàsì ni mo rí tí wọ́n tò bẹẹrẹ sójú fèrèsé kíláàsì, òwú tútù nínú rẹ̀, ẹ̀wà lórí òwú, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lára tirẹ̀. Wọ́n ń gbin ẹ̀wà sínú òwú! Ilé-ìwé tí ọgbà rẹ̀ fẹ̀ débi tí màlúù lè sọnù síbẹ̀. Mo bá pe Sísítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú má baà tì í, mo ní tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọn ò rí, ẹ̀yìn ilé mi ṣófo, kí wọ́n wá lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dúpẹ́ gan-an, ó ní kí àwọn ọmọ lè rí bí gbòǹgbò ṣe ń yọ ni. Mo ní ohun tí Ọlọ́run dìídì bò mọ́lẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ̀wà Aláròyé ló kọ́kọ́ hù.

Wọ́n tún ní ṣọ́ọ̀bù kan ní igun kíláàsì, agolo òfìfo ni ọjà tí wọ́n ń tà, ìdérí ìgò ni owó wọn. Aláròyé ní òun ni olùtajà lọ́sẹ̀ yẹn, òun sì jèrè. Inú mi dùn, mo ní kó mú èrè náà wá ká fi ra òwú ìránṣọ, ló bá kó ìdérí ìgò lé mi lọ́wọ́. Mo kó wọn sí dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, torí ta ló mọ bí owó ọ̀la ṣe máa rí?

Èyí tó wá bí wàhálà ni ti àdúrà àárọ̀. Tí wọ́n bá ti kí Màríà tán ní kíláàsì, ọmọ tó bá fẹ́ á dìde, á sọ ohun tó ń fẹ́ kí wọ́n bá òun tọrọ, gbogbo kíláàsì á sì ní kí Olúwa gbọ́ àdúrà àwọn. Ọ̀kan á ní ajá àwọn sọnù. Ọ̀kan á ní kí eyín òun tó ń mì tètè yọ. Ó wù mí nígbà tí Aláròyé sọ ọ́ fún mi, mi ò bi í ní ohun tí òun ń tọrọ, mo ti gbà pé bàtà ni.

Àkókò yẹn náà ni aránbàtà tó wà níwájú ilé wa yọ̀ ṣubú nínú òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi dé láti ìlú ńlá pẹ̀lú báàgì ńlá lọ́wọ́, ó sì dúró tì í títí ó fi lè dìde. Aláròyé ò kúrò lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí obìnrin náà dé. Ó bi mí pé ta ló pè é, mo ní ẹsẹ̀ tó kán ló pè é. Ó ní tí ẹsẹ̀ ò bá wá kán ńkọ́, mo ní kó lọ jẹun. O mọ̀ pé tí èèyàn bá ní kó dáhùn gbogbo ìbéèrè ọmọ yìí, kò ní rí aṣọ kankan rán.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó máa ń pariwo kí mi kú iṣẹ́ tí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n wá ń rọra sọ fún mi pé ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá télọ̀, wọ́n á sì fi ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá. Aránbàtà fi igi rẹ̀ tilẹ̀ wá, ó ní ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀. Mo rò pé òrùlé mi tó ń jò ló ń béèrè, mo ní rárá o, òru àná gan-an ló burú jù, mo gbé ike sábẹ́ rẹ̀ ó kún. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí Ọlọ́run kó mi yọ.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń rán ìbàdí ṣòkòtò lọ́wọ́, mo gbójú sókè, kíláàsì ọmọ wa ló ń bọ̀ ní méjìméjì, Sísítà níwájú pẹ̀lú àpò ọsàn. Mo rò pé wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń ránṣọ ni, bí wọ́n ṣe kó wọn lọ wo ilé ìtẹ̀wé nígbà kan. Mo dìde, mo fi teèpù kọ́rùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ ṣe ń pàdé ara wọn. Ọmọ kékeré kan fà mí lẹ́wù, ó ní kí n jókòó, kí n má ṣe wàhálà ara mi. Wọ́n kọrin fún mi. Sísítà ní iṣẹ́ àánú ni wọ́n ń kọ́ lọ́sẹ̀ náà, ìbẹ̀wò aláìsàn sì ni ti kíláàsì wọn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, mo ní ta ni aláìsàn náà, ṣé mo mọ̀ ọ́n? Ó kàn fọwọ́ kàn mí léjìká ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan fún mi ní àwòrán tó fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ yà. Èmi ni wọ́n yà, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà nínú gbogbo rẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ya òrùka aláwọ̀ ìyeyè sí òkè orí mi. Mo bi Sísítà pé fìlà wo ni èyí tí kò ní àárín, ó ní báyẹn ni wọ́n ṣe ń ya àwọn ẹni mímọ́ tó wà lọ́run. Ọmọ mi, ojú mi là. Mo wo Aláròyé. Ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun pàápàá, ó dúró lẹ́yìn àwọn tó kù, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

Fadá ìjọ wọn náà wá. Ó jókòó, ó kí mi, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun fi òróró yàn mí, ó sì yọ ìgò kékeré kan jáde nínú àpò. Ọ̀rọ̀ yíyàn yẹn kọjá lórí mi, òróró nìkan ni mo gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, torí ẹ̀rọ mi ti ń han láti ọjọ́ pípẹ́, mo ṣí ihò òkè rẹ̀, mo ní kó kán an síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fadá wo ihò, ó wò mí, ó rọra dá ìgò rẹ̀ padà sápò. Ó wá bi mí pé níbo gan-an ló ń dùn mí. Ta ni àgbà tí wọ́n bi ní ibi tó ń dùn ún tí kò ní rí ibì kan nà sí? Mo ní orúnkún. Ó gbàdúrà fún orúnkún.

Ìgbà tí ó lọ ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo ní bóyá àwọn èèyàn yìí rí ohun tí mi ò rí. Mo dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo tẹ́tí sí ọkàn mi, ó ń lù. Mi ò wá mọ̀ bóyá bó ṣe máa ń lù tẹ́lẹ̀ nìyẹn, torí mi ò tẹ́tí sí i rí.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Sísítà fi pe àwọn òbí. Ó ní àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn àkọ́kọ́ níwájú Fadá, pé wọ́n ti ń fi ara wọn dánra wò ní kíláàsì, kí àgbà kan bá wọn ṣe é nílé kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n. Ó ní kí àgbà náà jókòó ní ẹ̀gbẹ́, kó má wo ojú ọmọ, àti pé ohun tó bá gbọ́, inú rẹ̀ ni kó kú sí, kó má tú u fún ẹnikẹ́ni láéláé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Mo ta aṣọ inú kóòtù sí àárín èmi àti àpótí, Aláròyé kúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní kí Fadá bùkún òun. Mo ní èmi kì í ṣe Fadá, èmi ni bàbá àgbà rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, kí n ṣáà ṣe bíi Fadá. Mo ṣe bíi Fadá. Ó sì jẹ́wọ́.

Ohun tó sọ, ọmọ mi, mi ò lè sọ fún ọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí n má pa ìtàn. Ọmọ kan wà, kì í ṣe tiwa o, ibòmíràn ni, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, rárá, àwo ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà ni ìyá yìí ń ní oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ náà wá rí i pé egungun tó bá kán máa ń pe ọmọ èèyàn wálé. Ó wo bàbá àgbà rẹ̀ títí, egungun rẹ̀ ò kán, kò sì fẹ́ kó kán torí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ló bá dìde ní àdúrà àárọ̀, ó ní kí wọ́n bá òun tọrọ ìwòsàn fún bàbá àgbà òun. Ó rò pé Sísítà nìkan ni á ka ọ̀rọ̀ náà sí, á sì pe ìyá òun. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á lẹ́sẹ̀, á rìn dé ọ̀dọ̀ Fadá àti ti aránbàtà. Ìyá gbọ́ lóòótọ́, owó oògùn ló ní òun á fi ránṣẹ́. Ní báyìí ọmọ náà ń bẹ̀rù pé Ọlọ́run lè gba irọ́ òun gbọ́, kó mú àìsàn náà wá ní tòótọ́, kí bàbá àgbà kú, kó jẹ́ pé òun ló pa á. Ó sunkún débi pé aṣọ inú tí mo ta rin gbindin. Tí bàbá àgbà yẹn ta, ni mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ní Fadá gbọ́dọ̀ fún ẹni tó jẹ́wọ́ ní iṣẹ́ tó máa fi ronú pìwà dà. Mi ò mọ èyí tí mo lè fún un, mo ní kó ṣa gbogbo píìnì tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ṣà wọ́n tán, ó rí àwọn tí mo ti ń wá láti ọdún tó kọjá, ó kó wọn wá, ó bi mí pé ṣé ó ti tán báyìí, ṣé ẹ ò ní kú mọ́. Mi ò mọ ohun tí Fadá ń sọ tó bá débẹ̀. Mo ní kó lọ bọ́jú.

Mo lọ bá Sísítà, mo fi ọgbọ́n bi í pé tí ẹni tó gbọ́ ìjẹ́wọ́ bá mọ̀ pé ohun kan kì í ṣòótọ́, ṣé ó lè ta ẹlòmíràn lólobó. Ó ní Fadá ò gbọ́dọ̀ mi orí pàápàá. Ó wá ní àmọ́ ti inú ilé yẹn, ìdánrawò lásán ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́ gidi. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ẹkún tí ọmọ náà sun kì í ṣe ìdánrawò. Mo bá pinnu pé mi ò ní mi orí. Láti ìgbà náà, tí aránbàtà bá bi mí bóyá ara le, mo máa ń di ọrùn mi mú gírígírí, òun náà sì gbà pé àìsàn ti wọ ọrùn.

Ṣé o wá rí ibi tí ìbéèrè rẹ gbé mi sí? Tí mo bá ní mo ń ṣàìsàn, mo purọ́, èmi náà á wá ẹni tí n ó jẹ́wọ́ fún. Tí mo bá ní mi ò ṣàìsàn, mo tú àṣírí ọmọ, ojú á tì í níwájú gbogbo kíláàsì, ìwọ náà á sì ní ìgbà tí kò sí nǹkan, ó di oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni ìjẹ́wọ́ gidi, ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n á wọ aṣọ funfun gba ara Olúwa, Sísítà sì ní kí ìyá tàbí bàbá jókòó sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ọmọ tiwa bi mí pé tí kò bá sí ẹni tó jókòó síbẹ̀, ṣé wọ́n á gbé àga náà kúrò ni, àbí wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo máa béèrè. Mi ò tíì béèrè.

Nítorí náà owó ni mò ń tọrọ. Owó oògùn tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ má fi sínú fóònù o. Ti ìjelòó tí o ní o fi síbẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ló wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Fi owó yìí wọkọ̀. Jókòó lé e lórí títí o fi dé. Tí ọ̀gá rẹ bá béèrè, sọ fún un pé bàbá rẹ ń ṣàìsàn, odidi kíláàsì kan lè jẹ́rìí sí i. Tó bá ṣẹ́kù, ra bọ́tìnnì funfun kéékèèké wá, àwọn tó wà níbí tóbi jù fún ọrùn ọmọdé.

Tí o bá dé, má yà lọ́nà. Wàá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti yan èyí tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Fọwọ́ kàn mí níwájú orí kí àwọn ará ilé rí ọ, n ó wúkọ́ díẹ̀, n ó sì dìde. Lọ́jọ́ kejì Aláròyé á dìde ní àdúrà àárọ̀, á ní bàbá àgbà òun ti gbádùn, gbogbo kíláàsì á pàtẹ́wọ́ pé àdúrà àwọn gbà. Kò ní jẹ́ irọ́ pátápátá, ọmọ mi. Ìgbà tí Fadá bi mí ní ibi tó ń dùn mí, ibì kan wà tí mi ò lè sọ fún àlejò, ni mo fi ní orúnkún. Láti ọjọ́ tí o ti wọkọ̀ lọ ló ti ń dùn mí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà. Kí ọkọ̀ tí wàá wọ̀ má bàjẹ́, kí awakọ̀ rẹ má sùn, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Bí o ṣe ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ àwọn ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run á máa nu omijé kúrò lójú rẹ. Mo ti rán aṣọ funfun náà, apá rẹ̀ dọ́gba, ọrùn rẹ̀ jókòó dáadáa. Etí rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì ká. Wàá wá sọ ibi tí o fẹ́ kó dé fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
tí gbogbo kíláàsì ń gbàdúrà fún.